Ó Gbé Ayọ̀ Rẹ̀ Gba Ẹ̀yìnkùlé: Ohun Tí A Rí Níbi Bọ́ọ̀lù ní Ìsúndúnrìn

  

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa pòṣé, á ní kí ló kan obìnrin ọjà nínú bọ́ọ̀lù. Ó kàn wá jàre. Níbi tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá péjọ sí tí wọ́n ń pariwo, òùngbẹ ò ní ṣàì gbẹ wọ́n, ebi ò sì ní ṣàì pa wọ́n. Ta ló máa gbé omi lọ síbẹ̀? Ta ló máa gbé gúgúrú àti ẹ̀pà lọ? Àwa náà ni. A ti tajà ní pápá ilé-ìwé, a ti tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, a sì ti mọ àkókò ìsinmi ìdajì eré ju ẹlòmíràn tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù lọ, torí pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni ọjà tiwa.

Ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ̀wàáhù mọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ rí i kó lọ síbi bọ́ọ̀lù. A ò ní parọ́ fún yín, a ti rí i níbẹ̀. A ti gbọ́ èébú tí kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo wọn la máa ń wà. Ohun tí ẹni tó kọjú sí tẹlifísàn kì í rí, àwa tí a kọjú sí èrò máa ń rí i. Nǹkan díẹ̀ tí a rí ní ọdún 2024 la fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rán ara wa létí irú èèyàn tí a jẹ́ ní ilẹ̀ Èjìgbò. Ó ṣòro kí ẹ rí agbolé kan níbí tí kò lẹ́nì kan ní Àbíjàn. Láti ayé àwọn bàbá wa ni wọ́n ti ń lọ sí Côte d'Ivoire, tí àwa níbí kàn ń pè ní Àbíjàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú kan ṣoṣo nínú orílẹ̀-èdè yẹn ni Àbíjàn. Ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò lọ tààrà síbẹ̀. Lọ́jà Èjìgbò, ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu ẹni tó ń ra ata, ẹ ó sì rí ẹni tó máa na owó sẹ́fà sí yín. Àwọn ọmọ mìíràn wà níbí tí ìyá wọn ń tajà lọ́hùn-ún, tí wọ́n bí wọn síbẹ̀, tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ sílé kí ìyá àgbà lè tọ́ wọn. Ọmọ wa ni wọ́n, ọmọ Àbíjàn sì ni wọ́n.

Nígbà tí ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà wá bọ́ sí Côte d'Ivoire ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹ lè mọ bó ṣe rí. Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire bọ́ sí ìsọ̀rí kan náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, Nàìjíríà fi ẹyọ góòlù kan péré nà wọ́n lórí ilẹ̀ wọn, pẹnáritì tí William Troost-Ekong gbá wọlé. Ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ wa ò ṣe dáadáa. Ọmọkùnrin kan wà ní Ìsúndúnrìn tí wọ́n bí sí Àbíjàn. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ará ọ̀hún máa ń wọ ló wọ̀ wá wo eré náà, òun nìkan láàárín àwọn aláṣọ ewé. Bí eré ṣe parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá àgbà rẹ̀, wọ́n ń kọrin pé erin ti ṣubú. (Erin ni àwọn ará Àbíjàn ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, bí àwa ṣe ń pe tiwa ní ẹyẹ idì.) Eré ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà náà, tó jẹ́ oníbàárà wa, sọ fún wa lọ́jọ́ kejì pé ọmọ náà ò jẹun alẹ́. Ó tún wá burú sí i, nítorí ní ọjọ́ 22 oṣù náà, Equatorial Guinea gbá góòlù mẹ́rin wọlé àwọn Côte d'Ivoire láìsí èsì, wọ́n sì lé olùkọ́ wọn lọ. Àwọn ọmọ tún rí orin mìíràn kọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí ayé ṣe máa ń yí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé Côte d'Ivoire kúrò nínú ìdíje, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́ sí i, wọ́n yan Emerse Faé ṣe olùkọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, Nàìjíríà fi pẹnáritì ṣẹ́gun South Africa ní Bouaké; lọ́jọ́ yẹn kan náà, Côte d'Ivoire fi ẹyọ kan nà Congo ti Kinshasa. Bí wọ́n ṣe tún pàdé ara wọn nìyẹn. Àṣekágbá, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kejì, aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa.

A ti gbé ẹrù lọ kí aago méje tó lù. Ilé ìwòran náà kò tóbi: òrùlé páànù, bẹ́ǹṣì bíi ogún, tẹlifísàn méjì, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń ké bí ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé. A tẹ́ tiwa sẹ́nu ọ̀nà, lábẹ́ iná gílóòbù kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ la ti rí ohun àkọ́kọ́. Bàbá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn wọlé, kò sì sí àyè mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Bàbá ní rárá, ẹ jókòó, ẹ ti sanwó. Wọ́n ní, "Ẹ jókòó sà, àwa máa dúró." Àríyànjiyàn yẹn pẹ́ díẹ̀, torí bàbá náà mọ ẹ̀tọ́ tirẹ̀: kò fẹ́ gba àyè ẹni tó ti sanwó. Nígbà tó yá, wọ́n sún mọ́ra, èèyàn márùn-ún tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà di mẹ́fà. Ẹnì kan lára wọn fìdí hẹ etí bẹ́ǹṣì títí eré fi parí.

Ọmọkùnrin Àbíjàn náà wá. Ẹnu yà wá. Ó tún wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn yẹn, ó kí wa, ó ra ẹ̀pà, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Ní ìṣẹ́jú 38, Troost-Ekong kan bọ́ọ̀lù kọ́nà mọ́lẹ̀ sínú àwọ̀n, gbogbo ilé mì. Àwa náà fò sókè, a ò ní purọ́. Ẹnì kan lára wa da agolo gúgúrú nù. Ẹlòmíràn tún yíjú wo ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kàn ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Nígbà tí ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀, Franck Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú 62. Ọmọ náà di ẹnu rẹ̀ mú. Ìṣẹ́jú 81, Simon Adingra gbé bọ́ọ̀lù wọ inú, Sébastien Haller na ẹsẹ̀, ó wọlé.

Ilé náà dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Kì í ṣe tẹlifísàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò mọ́, ọmọ yẹn ni wọ́n ń wò. Gbogbo wọn rántí agolo tí wọ́n lù lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Bó bá dìde tó jó, ta ló máa bá a wí? Gbèsè ló ń bọ̀ wá gbà.

Ó dìde lóòótọ́. Ó rọra gba àárín èèyàn kọjá, ó ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì yí sẹ́yìnkùlé níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Àwa nìkan la rí ohun tó ṣe níbẹ̀. Ó fò sókè, ó fò sókè, ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi ẹnu ko aṣọ ọrùn rẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dà nù, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ ìbàdí lé aṣọ ọsàn náà lórí, ó dí bọ́tìnnì rẹ̀ dókè, ó wọlé padà, ó jókòó.

Ẹ wò ó, a ti dàgbà, a ti rí oríṣiríṣi. Ẹnì kan lára wa sunkún.

Bí fèrè ìparí ṣe dún, ọmọ náà lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọlọ́pàá. (Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọlọ́pàá ìjọba o, bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn ni.) Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ kú ìrọ́jú." Bàbá fọwọ́ kàn án lórí, ó ní, "Ẹ kú oríire o. Tí o bá bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀, bá wa kí wọn." Bàbá yìí kan náà ló wá béèrè pé ta ni ọmọ gíga tó gbá góòlù ìkẹyìn yẹn. Wọ́n ní Haller ni, pé àìsàn jẹjẹrẹ mú un ní ọdún 2022, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó pẹ́ kó tó padà sórí pápá. Bàbá mi orí. Ó ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́. Ó yẹ ẹ́." Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà nìyẹn o, tó ń kí ẹni tó nà án.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló dára bẹ́ẹ̀. Lára àwọn tó lu agolo lóṣù Kìíní, ọ̀kan ra ohun mímu fún ọmọ náà lọ́wọ́ wa, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé e sí i lọ́wọ́. Òmíràn wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan àpò wa. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí kì í mú owó dání mọ́, fóònù ni wọ́n fi ń sanwó. Ní ìsinmi ìdajì eré, wọ́n rọ́ lù wá, wọ́n ń mú omi, wọ́n ń mú búrẹ́dì àti àkàrà, ẹni tó tẹ fóònù, kò lọ. Kí la fẹ́ ṣe? Nàìjíríà ń borí, inú gbogbo èèyàn ń dùn, a ní kí wọ́n máa mú un lọ, kí wọ́n san án tí eré bá parí. Ẹ bi wá bí ara wa ṣe rí nígbà tí góòlù Haller wọlé! Kì í ṣe ife-ẹ̀yẹ la ń rò. Èrò tó ti pàdánù, tí inú ń bí, tó ń sáré lọ sílé nínú òkùnkùn, ta ló máa rántí gbèsè àkàrà?

Wọ́n dúró. Wọ́n to ara wọn sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ sàráà. Ẹni tó ní owó nílẹ̀ san ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní rárá ní kí a kọ orúkọ òun àti ti ilé bàbá òun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ti fi àyè sílẹ̀ fún bàbá tan iná fóònù rẹ̀, ó dúró tì wá títí a fi ka owó wa tán tí a sì di ẹrù. A ní kó máa lọ, ó ní, "Ẹ má yọnu mà, mò ń gba afẹ́fẹ́ ni."

Ọ̀ràn bọ́ọ̀lù ní irú nǹkan báyìí nínú tipẹ́, ohun tí kò sí nínú ìwé òfin, tó jẹ́ pé ojú lásán ni wọ́n fi ń dì í mú. Ọmọ Nàìjíríà kan ló tilẹ̀ fi han gbogbo ayé, láìmọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1999, Nwankwo Kanu gba bọ́ọ̀lù fún Arsenal fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù. Sheffield United ni wọ́n ń bá gbá a nínú ìdíje FA Cup, ọ̀kan sí ọ̀kan ni. Ọmọ Sheffield kan fara pa, ó wà nílẹ̀. Asọ́lé wọn, Alan Kelly, mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù síta kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Àṣà ni pé bí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn alátakò á fi bọ́ọ̀lù náà ránṣẹ́ padà sí i. Ray Parlour ti Arsenal jù ú padà sọ́nà ọ̀dọ̀ asọ́lé náà lóòótọ́. Kanu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò lóye ohun tó ń lọ. Ó sáré mú bọ́ọ̀lù, ó gbé e fún Marc Overmars, Overmars gbá a wọlé.

Rẹfirí ní góòlù ni. Kò sì ṣẹ̀ sófin, torí òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni dá bọ́ọ̀lù padà. Àwọn ará Sheffield fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú kúrò lórí pápá. Ó parí sí méjì sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Arsène Wenger, olùkọ́ Arsenal, sọ lọ́jọ́ náà pé kò tọ́, pé kí wọ́n jẹ́ ká tún un gbá. Ẹni tó ti jẹun tán ló ní kí wọ́n tún gbé abọ́ wá! Wọ́n tún un gbá ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Arsenal tún borí, méjì sí ọ̀kan náà.

A fẹ́ kí ẹ rò ó bí ẹni tó ń tajà. Tí ìyá kan bá da aṣọ bo àtẹ rẹ̀, tó lọ kírun, ẹni tó wà nítòsí ló ń bá a tà á. Kò sí òfin ìjọba ìbílẹ̀ kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà lè rí oníbàárà ìyá yẹn kó pè é síbi tirẹ̀. Kò jalè, a ò lè mú un lọ sí tésàn. Kanu ni ọmọ tuntun yẹn. Ohun tí à ń wò ni ohun tí ìyá tó mú un wọjà máa ṣe lẹ́yìn náà. Ohun tó sì ń pa irú àṣà yìí kì í ṣe ọmọ tuntun, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Lórí pápá lóde òní, ẹ ó rí ẹni tí ara rẹ̀ le koko tó máa sùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń kú lọ, nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń borí tó sì fẹ́ kí àkókò lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù fi ń sọ pé àwọn ò ní gbá bọ́ọ̀lù síta fún ẹnikẹ́ni mọ́, pé kí rẹfirí fọn fèrè rẹ̀.

Ilé tiwa náà ní eré agbára tirẹ̀. Níbi ọdún Ògìyán ní Èjìgbò, ìdajì ìlú á dojú kọ ìdajì, àwọn Ìsàlẹ̀ Òṣolo àti àwọn Òkè Mápó, wọ́n á fi pàṣán na ara wọn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ogun dé. Ẹ gbọ́ ohun tí ìtàn ní ó bí i, bí Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n sọ ní Fátúmbí, ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Babaláwo kan wà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Eléjìgbò. Ó lọ sí ìrìn àjò. Nígbà tó dé, ó béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọ̀rẹ́ ṣe ń béèrè ọ̀rẹ́, ó fi oúnjẹ tó fẹ́ràn pè é, ajẹyán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ó rí ọba fín. Wọn ò bi í léèrè ẹni tó jẹ́, wọ́n lù ú, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Òjò kọ̀, obìnrin ò bímọ mọ́. Ìgbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tán ló ní, ó dára, kí àwọn ará ìlú máa fi pàṣán na ara wọn lọ́dọọdún. Àìkí àlejò dáadáa ló bí i, ẹ ò rí i? Bí wọ́n bá sì nà án tán lọ́dọọdún, ìlú kan náà ni wọ́n á jọ padà sí, wọ́n á jọ ṣọdún.

Ọ̀rọ̀ gbígbá ilẹ̀ kù. Ní ọdún 2018 ní Rọ́ṣíà, lẹ́yìn tí Senegal fi méjì sí ọ̀kan na Poland, àwọn alátìlẹ́yìn wọn dúró kó ìdọ̀tí ibi tí wọ́n jókòó sí, bí àwọn ará Japan náà ṣe máa ń ṣe. Gbogbo ayé yìn wọ́n. Ní Ìsúndúnrìn o, ọ̀rá omi àti èèpo ẹ̀pà tó wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 11 yẹn, àwa la gbá a. A ò rí ẹnì kan tó mú ìgbálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ ọkùnrin, ẹ bá wọn sọ ọ́.

Nípàdé ẹgbẹ́, àwọn kan ní kí a má tajà àwìn nílé ìwòran mọ́, pé oríire la rí lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan ní kí a máa tà á. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó mú ìwé àti bírò dání, kó sì mú ṣéńjì tó pọ̀ lọ torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nínú orúkọ mọ́kànlá tí a kọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́wàá ti san tiwọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹni tó kù jẹ búrẹ́dì kan àti àkàrà mẹ́rin. Ó mọ ara rẹ̀, a sì mọ ilé bàbá rẹ̀.